Pan European àlòkù: ST1100 ti 1999 tàbí ST1300 ti 2008, èwo ni kí n gbé?

Ará Thamesmead

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ń gun alùpùpù ńlá nílùú ọba. Mo fẹ́ ra Honda Pan European àlòkù, mo sì ti rí méjì. Èkíní ni ST1100 ti 1999, ó ti rin máìlì 61,000, £1,400 ni wọ́n ń tà á. Èkejì ni ST1300 ti 2008, máìlì 38,000, £2,900. Àwọn méjèèjì ní ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà gan, àpótí ẹ̀gbẹ́ wọn sì pé.

Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí. Ọmọ wa wà ní yunifásítì ní Aberdeen, èmi àti ìyàwó mi sì fẹ́ máa gbé máṣíìnì lọ wò ó. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Portsmouth lọ sí Santander, ká wá rọra gun Sípéènì já. Láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ni màá máa gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Croydon. Líṣẹ́ńsì mi gba alùpùpù tó bá wù kó tóbi tó, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọkàn mi ń fà sí ST1100, torí owó rẹ̀, àti torí pé gbogbo ẹni tó ti gùn ún ló ń yìn ín. Ẹ bá mi dá sí i kí n tó sanwó.

Bàbá Kent

Àbúrò, o káre tó o béèrè. Èmi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ST1100 ni kí o gbé. Honda ṣe é láti 1990 títí di 2002, wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i padà ní gbogbo ọdún yẹn, torí pé wọ́n ti ṣe é dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì V4 ni, ìyẹn sílíńdà mẹ́rin tó yà bíi lẹ́tà V, 1,084 cc, ṣáàfù ló ń yí táyà ẹ̀yìn. Kò sí ṣéènì tí wàá máa dúró fi ọ́ìlì pa nínú òjò Scotland. Táǹkì rẹ̀ gba lítà 28, abẹ́ ìjókòó ni wọ́n gbé e sí, nítorí náà bí o bá tiẹ̀ rọ epo kún un dẹ́nu, ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí o bá fọwọ́ jẹ́jẹ́ gùn ún, wàá rìn ju máìlì 250 lọ kí o tó yà nílé epo. Ìyẹn ń lọ sí ìdajì ọ̀nà Aberdeen.

Àwọn tó ti rin máìlì 100,000 lórí ẹ́ńjìnì yẹn láìtú u pọ̀ nílẹ̀ yìí. Máìlì 61,000 kò tíì kan án lára. Ohun tó sì wù mí jù nípa rẹ̀ ni pé èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ẹ̀ nínú gáréèjì. Kábúrétọ̀ ló ń lò, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ń dá èèyàn lẹ́bi.

Mẹkáníìkì Leeds

Bàbá, ẹ kú àtìlẹyìn. Òótọ́ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ẹ́ńjìnì. Àmọ́ ẹ́ńjìnì kọ́ ló ń pa ST1100, iyọ̀ ni.

Ọ̀gá Thamesmead, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Lọ́dọọdún tí òtútù bá dé, wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má baà dì. Iyọ̀ yẹn ń ta sí swingarm, ìyẹn apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Ó ní ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni omi àti ẹrẹ̀ ń dúró sí. Lókè, ọ̀dà rẹ̀ lè máa dán, kí ìpáàrà sì ti jẹ inú rẹ̀ tán. Nítorí náà, ẹ gbé máṣíìnì náà dúró lórí ìdúró àárín, ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ibẹ̀. Ẹ mú ìdí screwdriver, ẹ kàn án káàkiri. Bí irin bá dún ganran-ganran, ó ṣì le. Bí ó bá dún bòm̀, tàbí tí ó ń ya ìpele-ìpele bọ́, ẹ dìde, ẹ kí onímáṣíìnì, kẹ́ ẹ máa lọ. Swingarm mìíràn tẹ́ ẹ máa rí rà, àlòkù lòun náà, iyọ̀ kan náà ló ti jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná fún máṣíìnì. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1996 ní ti áńpù 28, èyí tó máa ń kú. Láti 1996 ni wọ́n ti ń fi ti áńpù 40 sí i. Ti 1999 tẹ́ ẹ rí yẹn bọ́ sí ibi tó dára.

Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnì ló kù. Ìwé Honda ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 90,000. Máìlì ò tíì pé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún kò yẹ lóhun tí èèyàn máa fi ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn gùn lọ sí Sípéènì. Bí kò bá sí rìsíìtì pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó máṣíìnì. Kábúrétọ̀ mẹ́rin tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú epo nínú, àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á dí. Epo E10 tí wọ́n ń tà látọdún 2021 kò dára fún máṣíìnì tí kì í jáde, torí ọtí tó wà nínú ẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra.

ST1300 ńkọ́? Ọdún 2002 ló jáde ní Yúróòpù. 1,261 cc, kò lo kábúrétọ̀, ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ dípò bẹ́líìtì, alumíníọ̀mù ni férémù rẹ̀, táǹkì rẹ̀ sì gba lítà 29. Dígí iwájú rẹ̀ ń fi iná lọ sókè sódò, tẹ́ ẹ bá wà lójú ọ̀nà nínú òjò, ẹ máa mọ rírì rẹ̀. Ó lágbára ju ST1100 lọ dáadáa. Àmọ́ ó ní tirẹ̀: ooru ẹ́ńjìnì máa ń fẹ́ sí ẹsẹ̀ àti itan, pàápàá nínú gosílóò. Páìpù omi àti thermostat, ohun tó ń darí omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, wà ní àárín V ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ máa tú idaji máṣíìnì. Fáàfù rẹ̀, Honda ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní máìlì 16,000 kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti rin 38,000 yẹ kó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ béèrè rìsíìtì. Bíréèkì rẹ̀ náà gba àkíyèsí, torí pé ti iwájú àti ti ẹ̀yìn so kọ́ra.

Ará Lewisham

Ẹ̀gbọ́n Thamesmead, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ ní Thamesmead lẹ̀ ń gbé, Croydon lẹ ti ń ṣiṣẹ́. ULEZ ńkọ́, ìyẹn agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú jù ti ń sanwó ní London?

Láti oṣù kẹjọ 2023, gbogbo London pátá ló ti wà nínú ẹ̀. Alùpùpù kì í san Congestion Charge, owó wíwọ àárín London, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rò pé kò sí ohun tó kàn wọ́n. Àmọ́ ó ń san ULEZ bí kò bá dé ìwọ̀n Euro 3, ìyẹn ìwọ̀n èéfín tí Yúróòpù fi lélẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù keje 2007 ló sábà ń bọ́. £12.50 ni lójúmọ́, tọ̀sán tòru, ọjọ́ Kérésìmesì nìkan ni wọn kì í gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, £62.50. Ká ní ọ̀sẹ̀ 46 lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́dún, £2,875 nìyẹn. Owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ST1300 lẹ máa fi san ULEZ lórí ST1100 láàárín ọdún kan, ẹ ò sì tíì ka Sátidé tẹ́ ẹ gbé e jáde lọ Aberdeen. Kámẹ́rà ò ní béèrè bóyá ibi iṣẹ́ lẹ̀ ń lọ tàbí ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ọ̀nà kan ṣì wà o: bí wọ́n bá yẹ máṣíìnì tó ti pẹ́ wò, tí NOx, gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀, kò ju gíráàmù 0.15 lọ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, TfL, iléeṣẹ́ ìrìnnà London, lè gbà á wọlé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sanwó àyẹ̀wò yẹn, bóyá ó sì máa yege ni, bóyá kò ní yege ni, ẹ ti ra máṣíìnì ná.

Èyí tó rọrùn jù lọ: ẹ gba nọ́ńbà àwọn máṣíìnì méjèèjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi àyẹ̀wò TfL lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ọdún nìkan gbára lé e, kódà fún ti 2008. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Bàbá Kent

Ọmọ Lewisham, ọ̀rọ̀ rẹ tẹ̀wọ̀n. Fún ẹni tó ń gbé níta London bíi tèmi, mi ò yẹsẹ̀ lórí ohun tí mo sọ. Fún ẹni tó máa gbé e lọ Croydon lójoojúmọ́, owó yẹn pọ̀ jù. Àbúrò Thamesmead, gbọ́ tirẹ̀.

Ará Manchester

Ẹ ò ṣe wo Yamaha FJR1300? Ṣáàfù lòun náà ń lò, ó fúyẹ́ ju ST1300 lọ, ó sì dùn ún yí nínú kọ́nà.

Mẹkáníìkì Leeds

Máṣíìnì gidi ni FJR, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n méjì ni ọ̀gá ti rí, ó sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ jẹ́ ká bá a parí ti ìwọ̀nyí.

Ará Thamesmead

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti tẹ nọ́ńbà méjèèjì sí TfL. ST1100 máa sanwó, ST1300 kò ní san. Ẹ̀rù ohun kan ló wá ń bà mí báyìí. Mo gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá kó ST1300 nílẹ̀ torí pé ó ń gbọ̀n lórí eré. Ṣé òótọ́ ni? Ìyàwó mi ló máa wà lẹ́yìn mi o.

Mẹkáníìkì Leeds

Òótọ́ ni. Ní 2007, lẹ́yìn ikú ọlọ́pàá Merseyside kan tó ń gun ọ̀kan, àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá bíi mélòó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ST1300 wọn kúrò lójú títì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdí rẹ̀ máa ń mì sọ́tùn-ún sósì tí eré bá ti pọ̀ gan-an.

Ẹ wo bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń lò ó, ká lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn dé. Rédíò, iná, àpótí tí nǹkan kún inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n wá ń sá eré tó ju ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan lọ. Ìwọ̀n òfin nílẹ̀ yìí jẹ́ 70, ní Sípéènì ó jẹ́ kìlómítà 120. Láàárín ìwọ̀n yẹn, máṣíìnì tí wọ́n tọ́jú dáadáa máa ń rìn tààrà. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fojú fò ó o. Ohun mẹ́ta ló ń dá ìmìtìtì yẹn sílẹ̀ kó tó yẹ: táyà tó ti jẹ láàárín tàbí tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, béárìn ọrùn fọ́ọ̀kì (irin tó di táyà iwájú mú) tó ti tú, àti ẹrù tó wúwo nínú àpótí òkè lẹ́yìn gbùngbùn. Nítorí náà, ohun tó bá wúwo, ẹ kó o sínú àpótí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba lítà 35. Aṣọ òjò àti nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà nínú ti òkè. Ẹ máa wọn atẹ́gùn táyà nígbà tí táyà bá ṣì tutù, kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe nílé epo lójú ọ̀nà.

Nípa táyà, ẹ ra ìwọ̀n tó wà nínú ìwé gẹ́lẹ́: 120/70-18 níwájú, 170/60-17 lẹ́yìn. Ti iwájú yẹn jẹ́ 18, kì í ṣe 17 tó wọ́pọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ohun tó jọ ọ́.

Ìyàwó Ẹ̀yìn Máṣíìnì

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn náà sọ tiẹ̀. Mo ti jókòó lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ìjókòó àwọn méjèèjì fẹ̀, ẹsẹ̀ kì í ká jù, ibi ìdìmú wà lápá méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ sí mi lára ni atẹ́gùn. Lórí ST1300, bí ọkọ mi bá gbé dígí sókè, ariwo atẹ́gùn máa ń rọlẹ̀ fún un, àmọ́ bó bá gbé e sókè jù, atẹ́gùn á wá máa rọ́ lu àṣíborí tèmi. Ẹ bi ìyàwó yín bó ṣe ń rí lára rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ohùn rẹ̀ mọ ibi tí dígí yẹ kó dúró sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó. Kó gùn ún, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gùn ún. Máṣíìnì tí epo bá wà nínú ẹ̀ lé ní kílò 300, kẹ́ ẹ tó wá fi èèyàn méjì àti ẹrù kún un. Bí ó bá ń gùn ún, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn yín léjìká, kí ẹ fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Ìjókòó awakọ̀ lórí ST1300 ṣe é gbé sókè tàbí sódò ní ìpele mẹ́ta. Bí ẹ kò bá ga, ẹ gbé e sí ti ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó gbé ìyàwó yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí máṣíìnì ńlá ń ṣubú, kì í ṣe lórí eré, níbi tí wọ́n ti fẹ́ dúró ni.

Ẹ ra rédíò àṣíborí tí ẹ̀yin méjèèjì á fi máa bára yín sọ̀rọ̀. Èmi ò lè rin ọ̀nà Aberdeen láìsí i. Tí ìdí bá ti ń ro mí, mo fẹ́ lè sọ ọ́ ká tó kọjá ibi ìsinmi.

Ará Lewisham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ṣe nǹkan mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi ìtàn MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, lórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Láti 2005 ni wọ́n ti ń kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ máa rí iye máìlì tó wà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, bó yege tàbí kò yege, àti ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sí i. Àwọn ìkìlọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi ara balẹ̀ kà. Ẹni tó ń ta nǹkan lè gbàgbé, ìwé ò ní gbàgbé. Bí máìlì ọdún kan bá kéré sí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ti kàn án.

Ẹ tún san owó àyẹ̀wò kékeré yẹn láti mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀, bóyá wọ́n jí i, tàbí bóyá iléeṣẹ́ ìbánigbófò ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí lẹ́yìn jàǹbá. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù bá èyí tó wà lórí V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ máṣíìnì, mu. Ilé ẹni tó ń tà á ni kẹ́ ẹ lọ, kó jẹ́ àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé náà, kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan.

Bàbá Kent

Kí n fi kún un: wo ara rẹ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Pan European tí wọ́n tà jáde lọ́wọ́ ọlọ́pàá pọ̀ lọ́jà. Ihò tí wọ́n fi nǹkan dí lára ike, wáyà tó já tí kò lọ síbì kankan, ìjókòó ẹyọ kan tí wọ́n pààrọ̀, ìwọ̀nyẹn ni àmì rẹ̀. Kì í ṣe pé kò dára o, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ló ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó hàn nínú owó tí wọ́n ń pè é.

Má sì gbàgbé kọ́kọ́rọ́. ST1300 ní ìdáàbòbò tó ń mọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Méjì ni kí o gbà. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ló kù, owó ṣíṣe òmíràn kì í ṣe kékeré.

Ará Thamesmead

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Mo ti wo ìtàn MOT ti ST1300. Máìlì rẹ̀ ń lọ sókè bó ṣe yẹ lọ́dọọdún, kò sí ọdún tó fò. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i pé bíréèkì ẹ̀yìn ń di táyà mú díẹ̀. Ẹni tó ń tà á sọ pé òun ti fọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì Leeds, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sá ni, tàbí kí n fi dúnàádúrà? Sátidé yìí ni mo fẹ́ lọ.

Mẹkáníìkì Leeds

Ẹ má sá, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ fífọ̀ yẹn gbọ́ títí ẹ ó fi dán an wò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí ẹ bá fa bíréèkì ọwọ́, ohun tó fún dísìkì mú lápá òsì níwájú máa ń yí díẹ̀ tẹ̀lé táyà. Yíyí yẹn ló ń ti pọ́ǹpù kékeré kan tó wà lára fọ́ọ̀kì òsì, òun ló sì ń rán agbára lọ sí bíréèkì ẹ̀yìn. Bí pọ́ǹpù kékeré yẹn bá dí tàbí tí ibi tó ti ń yí bá gan, agbára tó lọ sẹ́yìn kò ní padà. Bíréèkì ẹ̀yìn á wà ní dídì, dísìkì á gbóná, táyà á sì lè gan lójijì lójú ọ̀nà. Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ gbé e dúró lórí ìdúró àárín, ẹ fi í sí nútírà, kí ìyàwó yín máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kó yí geere. Kí ẹ̀yin wá fi ọwọ́ ti ohun tó di dísìkì mú lápá òsì níwájú, sí apá ibi tí táyà máa ń yí sí bí máṣíìnì bá ń lọ síwájú. Bí ẹ bá ti í, táyà ẹ̀yìn yẹ kó dúró. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ó yẹ kó tún yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá tètè yí padà, wọn ò tíì tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ gùn ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dúró láìfa bíréèkì jù, ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ dísìkì ẹ̀yìn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ooru rẹ̀ bá ń fẹ́ sí yín lọ́wọ́ ju ti iwájú lọ, ẹ ti rí ìdáhùn.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó yọ owó pọ́ǹpù tuntun àti iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú £2,900, kẹ́ ẹ sì kó omi bíréèkì gbogbo rẹ̀ dànù, torí Honda ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì. Títí wọ́n á fi tún un ṣe, ẹ má gùn ún wálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e. Bí onímáṣíìnì bá sì kọ̀ láti jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sórí ìdúró àárín, ẹ padà sílé, ST1300 pọ̀ lọ́jà.

Ẹ débẹ̀ ní kùtùkùtù kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún un ṣáájú pé kó má tàn án. Ẹ ya fọ́tò fọ́ọ̀kì òsì yẹn àti abẹ́ àárín ẹ́ńjìnì, ibi tí páìpù omi ń gbà, kẹ́ ẹ fi wọ́n síbí. Mo máa wà nídìí fóònù títí di aago méjì ọ̀sán.